Hadiisi owó bodè kò sọ fàyàwọ́ di ẹ̀tọ́

Ìbéèrè: Àsàláàmù àlékúmù, Ààfáà wa. Ìrẹsì ni mo ń tà ní Abẹ́òkúta. Ọ̀nà inú igbó ni àwọn ọmọ tó ń já ọjà fún mi ń gbà wọlé láti Kútọnú, a sì máa ń fún àwọn aṣọ́bodè lówó lójú ọ̀nà. Ẹnì kan wá fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp àsàlátù wa pé hàráámù ni owó bodè fúnra rẹ̀, pé Ànábì wa sọ pé ẹni tó ń gbà á kò ní wọ àlùjánnà, nítorí náà ẹni tó bá fi fàyàwọ́ sá fún un kò dẹ́ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni inú wọn dùn sí i. Ọmọ mi kan ló ní kí n béèrè kí n tó fi èrè ọjà yìí san owó Hájì.

Ìdáhùn: Wa àlékúmù sàláàm, ìyá wa. Kí Ọlọ́hun bá yín dá ọmọ yẹn sí. Fàyàwọ́ tí ẹ ń ṣe yìí kò tọ́. Mo tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí àlàyé tó ń bọ̀ má baà rú ẹnikẹ́ni lójú.

Hadiisi tí ẹni yẹn kà wà lóòótọ́. Abu Daawud gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Uqbah ọmọ Aamir pé ẹni tó ń gba maks, ìyẹn owó tí wọ́n ń fi agbára gbà lọ́wọ́ oníṣòwò lójú ọ̀nà tàbí ní bodè, kò ní wọ àlùjánnà. Àwọn onímímọ̀ ní ọ̀rọ̀ lórí àwọn tó gbà á wá, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ìwé hadiisi Sahiih Muslim kò ní àríyànjiyàn. Níbẹ̀ ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti yin ìrònúpìwàdà obìnrin ará Gaamid tó jẹ́wọ́ sìná; Ànábì ní bí ẹni tó ń gba maks bá ronú pìwà dà bẹ́ẹ̀, wọ́n á forí jì í. Nítorí náà n kò ní sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ maks kéré. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí ni ẹni tó dúró lójú ọ̀nà, tó ń fi agbára gba ohun tí kò tọ́ sí i lọ́wọ́ oníṣòwò.

Ṣùgbọ́n kí olórí fi òfin sórí ọjà tó ń wọ ìlú, Umar ọmọ Khattaab, khalifah kejì, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ṣe é. Ẹ wo inú Muwatta, ìwé hadiisi Imaamu Maalik, ẹni tí àwọn baba wa nílẹ̀ Yorùbá ti ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀ tipẹ́. Abdullah ọmọ Umar sọ níbẹ̀ pé lórí àlìkámà àti òróró tí àwọn Nabat, oníṣòwò láti ilẹ̀ Shaam, ń kó wá sí Mẹ̀dínà, ìdajì ìdá mẹ́wàá ni baba òun ń gbà, kí wọ́n lè máa kó o wá lọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n lórí ẹ̀wà àti irú rẹ̀, odindi ìdá kan nínú mẹ́wàá ni. Ohun tí ìlú nílò jù, ó dín owó orí rẹ̀ kù. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà kéde ní oṣù keje ọdún 2024 pé àwọn fẹ́ yọ owó bodè kúrò lórí àgbàdo, àlìkámà, ẹ̀wà àti irú ìrẹsì kan fún 150 ọjọ́ nítorí ọ̀wọ́n oúnjẹ, irú ọ̀nà yẹn ni wọ́n fẹ́ tọ̀. Èèyàn lè bá wọn wí lórí bí wọ́n ṣe ṣe é. Kò lè sọ pé àṣẹ irú rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀sìn.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ: àwọn Nabat kì í ṣe Mùsùlùmí, ìdá kan nínú ogójì ni Umar ń gbà lọ́wọ́ Mùsùlùmí, ìyẹn sì ni sàká. Òótọ́ ni, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Ash-Shaatibi, àgbà onímímọ̀ ará Gharnaatah (Granada, ní Spéènì) nínú mẹ́síhàbù wa, ìyẹn ọ̀nà Imaamu Maalik, ló sọ pé tí àpò ìlú bá gbẹ tí ààbò ìlú sì ń fẹ́ owó, olórí tó jẹ́ olódodo lè bu owó lé àwọn ọlọ́rọ̀. Bí ẹnì kan bá ní àwọn olórí tiwa kì í ṣe olódodo, n kò bá a jiyàn. Àbòsí olórí kò kúkú sọ irọ́ àti rìbá di hàláálì fún wa.

Ó tún wà bẹ́ẹ̀ o: ọ̀rọ̀ yín kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ owó bodè. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ní kí ìrẹsì òkèèrè má gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi etí òkun. Ọ̀nà ni wọ́n dí. Hadiisi maks kò kàn án rárá.

Ibi tó ti kàn yín nìyí. Ọmọ kan yọ àga ẹ̀yìn mọ́tò, ó fi irin kún sípíríǹgì kí ọkọ̀ má baà tẹ̀, ó to àpò ìrẹsì kan òrùlé, ó wá ń sá eré àsápajúdé lóru láìtan iná, láàárín abúlé tí ọmọ ọlọ́mọ ń sùn sí. Ọlọ́hun ní kí a má pa ara wa. Bó bá kan aṣọ́bodè, ó na owó sí i. Ìyá wa, owó tí kò ní rìsíìtì, tí kò dé àpò ìlú, owó yẹn gan-an ni maks! Ẹni tó ka hadiisi fún yín ló ní kí ẹ máa bọ́ ẹni tí hadiisi ń bá wí. Ànábì sì ṣẹ́bi lé ẹni tó ń fúnni ní rìbá àti ẹni tó ń gbà á. Oníṣòwò tí ìwé rẹ̀ pé, tó ti san ohun tó yẹ, tí wọ́n ṣì dá ẹrù rẹ̀ dúró títí tó fi fún wọn ní nǹkan, ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ní ọrùn ẹni tó gbà á ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Tiyín kọ́ nìyẹn.

Mo tún mọ̀ pé bí ìrẹsì bá dé, àwọn kan ń rọ ọ́ sínú àpò tí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ ilẹ̀ wa sí, wọ́n á rán ẹnu rẹ̀ padà. Ànábì ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ ọkùnrin kan lọ́jà, ọwọ́ rẹ̀ kan omi nísàlẹ̀, ó ní ẹni tó bá tan wá jẹ kì í ṣe ara wa. Òjò ló pa ọjà ọkùnrin yẹn. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni àwọn wọ̀nyí mú lọ́wọ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti àwọn ààfáà tó ń ṣe hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ āyah kúrò lára wàláà, fún onífàyàwọ́. Wọ́n á kọ āyah inú Yaasiin, pé a bò wọ́n lójú, wọn kò ríran, sí wàláà, wọ́n á fọ̀ ọ́ sínú ike, kí aṣọ́bodè má baà rí ọkọ̀. Āyah tó sọ̀kalẹ̀ lórí àwọn kèfèrí Mẹ́kà lẹ sọ di àfẹ́ẹ̀rí àpò ìrẹsì! Àdádáálẹ̀ burúkú ni, hàráámù sì ni owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Kí àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí pe ẹni tó bá ń ṣe é, kí wọ́n bá a wí.

Ìyá wa, mo mọ̀ pé ọjà le, mo sì mọ̀ pé ẹ kì í ṣe olè. Ìrẹsì kì í ṣe ẹran ẹlẹ́dẹ̀; ẹni tó rà á lọ́jà tó sè é kò dẹ́ṣẹ̀. Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ tà á nínú àpò rẹ̀, kí ẹ sọ ibi tó ti wá fún ẹni tó bá béèrè. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jáwọ́. Ìrẹsì Ọ̀fàdà wà nítòsí yín, ti Abákálíkì àti ti Kébbí náà wà. Bí ẹ bá ti ta ìrẹsì pààrọ̀-àpò rí, ẹ sọ fún àwọn oníbàárà tí ẹ mọ̀. Ti àwọn tí ẹ kò mọ̀ mọ́, ẹ yọ èrè tó wá látinú ẹ̀tàn náà fún aláìní. Èyí tó kù, ẹ lè fi lọ sí Hájì, mo sì gbà á ládùúà pé kí Ọlọ́hun gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn fún àwọn ọmọ tó ń wa ọkọ̀ yẹn, torí ọjà yín ló gbé wọn wọ inú igbó.