Ìgúnpá ni mo fi gbá tábìlì, kí ló dé tó jẹ́ ọmọńdinrín ló ń ta mí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Tí mo bá ṣèèṣì fi ìgúnpá gbá etí tábìlì, ṣe ló máa ń dà bíi pé iná gbé mi, á sì sáré dé ọmọńdinrín. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo tún ń jí lóru tí màá rí i pé ìka náà ti kú tipiri. Àbí eegun mi ti ń bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Èyí ò jọ ọ̀rọ̀ eegun. Iṣan ìmọ̀lára ló jọ.

Ẹ ká apá yín díẹ̀, kí ẹ wá eegun tó yọ gọngọ níhà inú ìgúnpá, lápá ibi tó kọjú sí ìhà yín. Láàárín eegun yẹn àti ṣóńṣó ìgúnpá, kòtò tóóró kan wà níbẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára tí àwa oníṣègùn ń pè ní ulnar ló gba ibẹ̀ kọjá. Níbi púpọ̀ lára apá, ẹran ló bò ó. Níbí, awọ lásán ni. Tí tábìlì bá wá gbá a, eegun wà lábẹ́, pákó wà lókè, ó ti há sáàárín ọlọ àti ọmọ ọlọ nìyẹn.

Ọrùn ni iṣan yìí ti ń bọ̀, tó ń ròyìn ọmọńdinrín àti ìdajì ìka tó tẹ̀ lé e fún ọpọlọ. Ìdajì ni mo wí o, iṣan mìíràn ló ni ìdajì kejì. Ọpọlọ ò mọ ojú ibi tí wọ́n ti fọwọ́ kan iṣan náà lójú ọ̀nà. Òpin rẹ̀ ló máa ń rò pé ìròyìn ti wá. Ìka ló ń ké, ìgúnpá la ti nà án.

Ti òru ńkọ́? Eegun mẹ́ta ló pàdé ní oríkèé yìí. Ohun funfun kan tó ń yọ̀ bo orí wọn, omi tó ki díẹ̀ sì ń fi òróró sí i, ìdí nìyẹn tí apá fi ń ká láìdun wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn oríkèé ni ulnar gbà. Bí ẹ bá ṣe ń ká apá, bẹ́ẹ̀ ló ń nà tantan, tí kòtò rẹ̀ sì ń fún. Ẹni tó ká apá sùn fún wákàtí mélòó kan ti fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ iṣan náà pa.

Ẹ wé aṣọ ìnura mọ́ ìgúnpá lóru, kó má le jù, kó ṣáà má jẹ́ kó ká tán. Ẹ yé fi ìgúnpá ti tábìlì, ẹ má sì gbé fóònù sétí pẹ́. Ìyẹn nìkan ló ń mú ara ọ̀pọ̀ èèyàn yá.

Bí ìka náà bá wá ń kú lọ́sàn-án, tí yíyí kọ́kọ́rọ́ di ìṣòro, tàbí tí ẹran àárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ń jìn wọnú, ẹ tètè lọ rí dókítà. Okùn inú iṣan tó bá ti kú, bíi mìlímítà 1 péré ló ń hù padà lójúmọ́, láti ìgúnpá dé àtẹ́lẹwọ́ sì tó nǹkan bíi mìlímítà 300.