Kí ni ìtumọ̀ «xiaoke», kí sì ni «àìsàn ti wọ luo»?

Ìbéèrè yín ni pé: àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà ń pe àtọ̀gbẹ ní xiaoke, wọ́n sì ní tó bá pẹ́ lára, á wọ luo. Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣé àgbo wọn sì ń ṣiṣẹ́ fún un?

Ẹ jẹ́ ká ti ilé wò ó ná. Àtọ̀gbẹ: ẹni náà ń tọ̀, ó ń gbẹ. Xiao ni kí ara máa joro, ke ni òùngbẹ. Àwa mẹ́nu ba ìtọ̀, àwọn mẹ́nu ba omi tí wọ́n ń mu ṣáá, ṣùgbọ́n ara tó ń gbẹ kò sọnù nínú èyíkéyìí.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ó wà nínú Huangdi Neijing, ìwé ìṣègùn àtijọ́ wọn, tó di ẹ̀bi ru oúnjẹ ọlọ́ràá àti adùn àjẹjù. Waitai Miyao, tí Wang Tao kó jọ ní 752, ti sọ pé ìtọ̀ onítọ̀hún máa ń dùn. Sun Simiao, tó kú ní 682, ní kí ó ṣọ́ra fún ọtí, ìbálòpọ̀, àti oúnjẹ oníyọ̀ pẹ̀lú oníyẹ̀fun; ẹni tí kò bá ṣọ́ra, oògùn tí wọ́n fi wúrà ṣe pàápàá kò lè gbà á là. (Ó jọ ohun tí ìyá àgbà yóò sọ, àbí?)

Luo ló gba àlàyé. Àwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí: àwọn ẹ̀ka tín-ín-rín tó ya lára ọ̀nà ńlá inú ara, tí wọ́n ń pè ní jing. Ye Tianshi, oníṣègùn ọ̀rúndún kejìdínlógún, ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ pé àìsàn tó bá pẹ́ á wọ luo. Àìsàn tuntun ṣì wà lójú títì. Èyí tó ti gbó ti gba kọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ sì ti ń dúró sójú kan. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn wọn òde òní fi ń lo luo fún òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí ṣúgà ń bàjẹ́: ti ẹ̀yìn ẹyinjú, ti inú kíndìnrín, àti àwọn tó ń bọ́ iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀, tí ìṣó yóò fi gún èèyàn láìmọ̀. N kò gbà pé ohun kan náà ni Ye rí. Àkókò ló kíyè sí.

Àgbo wọn fún un máa ń ní danshen, gbòǹgbò pupa kan, àti huangqi tàbí sanqi, tí àwọn náà jẹ́ gbòǹgbò, láti mú ẹ̀jẹ̀ tó dúró rìn. Wọ́n ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lé e lórí ní Ṣáínà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré, wọn kò sì lágbára tó ohun tí èèyàn lè torí ẹ̀ pa oògùn dókítà tì. Ní ti kíká ṣúgà lọ́wọ́ kò, ẹ̀rí wà: ìwádìí ńlá kan ní Bìrìtéènì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1998, fi hàn pé ó dín ìbàjẹ́ òpó kéékèèké wọ̀nyí kù ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ má gbàgbé Brussels. Níbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn gba oògùn gbòǹgbò Ṣáínà kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi gbòǹgbò mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó ní aristolochic acid nínú, májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Kíndìnrín ọ̀pọ̀ nínú wọn ló daṣẹ́ sílẹ̀. Kíndìnrín yìí kan náà ni àtọ̀gbẹ ń dọdẹ, nítorí náà ohunkóhun tí ẹ bá ń mu, ẹ jẹ́ kí dókítà yín mọ orúkọ rẹ̀.