"Ìròyìn ò tó àfojúbà": ṣé òwe náà ní ká má bi ẹlẹ́rìí léèrè mọ́ ni?

Ìbéèrè tó wá láti Ọ̀yọ́ nìyí: wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ ìyá kan lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà nawọ́ sí ọmọkùnrin kan, ó ní òun ni, pé ó ṣojú òun kòró. Àwọn kan ní kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí, ni bàbá àgbàlagbà kan bá fi òwe pa wọ́n lẹ́nu mọ́: "Ìròyìn ò tó àfojúbà." Wọ́n fa ọmọ náà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹni tó béèrè fẹ́ mọ̀ bóyá ìtumọ̀ òwe náà nìyẹn, pé tí ẹnìkan bá ti ní òun rí i, ọ̀rọ̀ ti parí.

Rárá o. Bàbá mọ òwe, àmọ́ ibi tó pa á sí ni kò bá a mu. Àgbọ́sọ ni òwe yìí ń bá wí, ẹni tí kò sí níbẹ̀ tó wá ń ròyìn ju ẹni tó wà níbẹ̀ lọ. Ó ní ohun tí ojú rí tẹ̀wọ̀n ju ohun tí etí gbọ́. Kò sọ pé ojú kì í ṣi èèyàn mú. Òfin Nàìjíríà náà ò jìnnà síbẹ̀: abala 126 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ohun tí a lè fojú rí, ẹni tó rí i gan-an ni kó wá jẹ́rìí sí i. Ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀ ni òwe àti òfin fẹnu kò lé lórí. Bóyá ká gba gbogbo ohun tó bá sọ gbọ́, ìyẹn tún lọ́tọ̀.

Àwọn bàbá wa kúkú mọ̀ pé ẹlẹ́rìí lè purọ́, wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí i: ìbúra. Ní Ọ̀yọ́ tí í ṣe ìlú Ṣàngó, ta ló máa fi Ṣàngó búra èké tí yóò tún rójú sùn nígbà tí òjò bá ṣú? Títí dòní, oníṣẹ̀ṣe tó bá dé kóòtù lè fi irin Ògún búra, bí onígbàgbọ́ ṣe ń fi Bíbélì búra tí Mùsùlùmí ń fi Kùránì búra. Ṣùgbọ́n òpùrọ́ ni ìbúra ń dẹ́rù bà. Ẹni tó ṣi èèyàn mú, tó sì dá a lójú tọkàntọkàn, á búra, á sì sùn fọnfọn. Ṣàngó ò ní í bá a jà, torí kò purọ́. Irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àwọn onísàìkọ́lọ́jì, ti ń yẹ̀ wò láti ọjọ́ pípẹ́.

Nínú ìwádìí tí Elizabeth Loftus àti John Palmer gbé jáde lọ́dún 1974, wọ́n fi fíìmù ọkọ̀ tó ní ìjàǹbá han akẹ́kọ̀ọ́ 150 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bi 50 nínú wọn pé báwo ni eré ọkọ̀ náà ti pọ̀ tó nígbà tí wọ́n "rún ara wọn wómúwómú". Wọ́n bi 50 mìíràn pé nígbà tí wọ́n "gbá ara wọn" ńkọ́. Wọn ò bi àwọn yòókù ní nǹkan kan nípa eré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi gbogbo wọn bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Kò sí gíláàsì tó fọ́ nínú fíìmù náà rárá. Síbẹ̀, 16 nínú àwọn tó gbọ́ "wómúwómú" ní àwọn rí i; nínú àwọn tó gbọ́ "gbá", 7 péré. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó béèrè ló wọlé lọ bá ohun tí wọ́n rí, wọn ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Ti Ronald Cotton kì í ṣe fíìmù. Lọ́dún 1984, ní North Carolina ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan fipá bá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan lò pọ̀. Ọmọbìnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ wo ojú rẹ̀ dáadáa, kó lè dá a mọ̀ bí òun bá yè é. Ó mú Cotton nínú fọ́tò, ó tún mú un nígbà tí wọ́n to àwọn ọkùnrin síwájú rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹni tó mú nínú fọ́tò náà ni. Ìyẹn wá mú kó túbọ̀ dá a lójú. Ní 1987, tí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́, wọ́n mú Bobby Poole tó ṣe é gan-an wá sí kóòtù. Ọmọbìnrin náà ní òun ò rí i rí. Ó lé ní ọdún 10 tí Cotton lò lẹ́wọ̀n kí àyẹ̀wò DNA tó tú u sílẹ̀ ní 1995. Àfojúbà wo ló tún kù tó ju tẹni tí wọ́n ṣe é sí lára lọ?

Àwọn adájọ́ kan ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Láti inú ẹjọ́ Turnbull ní England, 1976, ni àwọn ìbéèrè tí kóòtù wa náà ń lò ti wá: báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe rí? Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra tó? Báwo ló ṣe pẹ́ tó tí ẹlẹ́rìí fi rí i? Ṣé ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀? Ní 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà yí ìlànà rẹ̀ lórí ẹlẹ́rìí padà nítorí irú ìwádìí wọ̀nyí. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún ò sì ná èèyàn lówó: kí ọlọ́pàá tó ń to àwọn èèyàn kalẹ̀ má mọ ẹni tí wọ́n fura sí láàárín wọn, kí wọ́n sọ fún ẹlẹ́rìí pé ẹni náà lè má sí níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ bó ṣe dá a lójú tó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kí i pé ó káre.

Ká wá padà sí ti ìyá yìí. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pè é ní òpùrọ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ̀rù bà á, ọjọ́ kejì ló sì tó nawọ́. (Wọn ò tíì gbọ́ ti ọmọ náà pàápàá, bẹ́ẹ̀ agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.) Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wádìí jù ni bó ṣe mú ọmọ náà. Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i tó figbe ta, àbí àwọn ará ọjà ló ti ń sọ fún un láàárọ̀ pé "ọmọ yẹn ni, ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́"? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìròyìn ló dé etí rẹ̀ kó tó fojú kan ọmọ náà, òwe tí bàbá pa sì ti ń bá bàbá fúnra rẹ̀ wí.