Ẹ Béèrè, A Fèsì: Bí A Ṣe Lè Rántí Hugh Nibley Bó Ṣe Yẹ

Àpilẹ̀kọ kúkúrú tí a gbé jáde lórí Hugh Nibley, ọ̀mọ̀wé àti olùkọ́ àwọn Mọ́mọ́nì, ti mú kí lẹ́tà pọ̀ níwájú wa. Láti Àkúrẹ́ àti ìlú Ondó ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Àwọn ọmọ Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, tí aráyé ń pè ní Mọ́mọ́nì, kọ̀wé, àwọn tí kì í ṣe ara wọn náà sì kọ. Èyí tí àyè gbà nìyí.

Àwọn Mọ́mọ́nì àdúgbò wa máa ń dárúkọ Nibley bí ẹni dárúkọ wòlíì. Ṣé olórí ìjọ wọn ni? Kí ló ṣe gan-an? (Olùkọ́ girama, Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́)

Rárá o. Nibley kò ṣe Àpọ́sítélì rí, ìjọ kò sì fi í jẹ wòlíì. Olùkọ́ ni, iṣẹ́ yẹn náà ló sì ṣe dọ́jọ́ alẹ́. Wọ́n bí i ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1910. Ẹni tó dé ipò nínú ìdílé wọn ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀, Charles W. Nibley, olówó igi gẹdú tó di olùdámọ̀ràn nínú Àjọ Ààrẹ Ìkínní, ìgbìmọ̀ tó ga jù nínú ìjọ náà, ní 1925. Hugh kàwé ní yunifásítì UCLA, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní ti Berkeley ní 1938, ní California ni méjèèjì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wà lára àwọn tó ń tú àṣírí ọ̀tá fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun 101st Airborne, ó sì wa jíìpù gúnlẹ̀ sí etíkun Normandy ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 1944. Ní 1946 ló dé Brigham Young University ní Provo, ìpínlẹ̀ Utah. Ó fẹ̀yìntì ní 1975, àmọ́ kò kúrò ní kíláàsì títí di 1994. Ó kú ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 2005, lẹ́ni ọdún 94. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ya tẹ́ńpìlì Aba sí mímọ́, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ohun tó ṣe rèé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbèjà Ìwé ti Mọ́mọ́nì, ìwé mímọ́ ìjọ náà, kí ó tó dé, àwókù ilé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń wá kiri. Nibley yíjú sí ibòmíràn. Ìwé náà sọ pé wòlíì kan tó ń jẹ́ Léhì kó ìdílé rẹ̀ kúrò ní Jerúsálẹ́mù ní nǹkan bí 600 ọdún kí a tó bí Krístì. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo Jerúsálẹ́mù ìgbà náà, ká wo aginjù Arábíà, ká wo bí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ṣe ń pàgọ́, bí wọ́n ṣe ń wá omi, bí wọ́n ṣe ń kéwì. Ní 1 Nífáì 2:9–10, Léhì rí odò tó ń ṣàn wọ òkun, ó kọjú sí Lámánì ọmọ rẹ̀ ó fi odò náà bá a wí, ó tún fi àfonífojì bá Lémúẹ́lì, ọmọ rẹ̀ kejì, wí. Nibley gbé ẹsẹ méjèèjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewì àwọn Árábù aginjù, àwọn tó máa ń kéwì lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá débi omi. Gbà á tàbí má gbà á, o ò ní lè sáré ka ẹsẹ yẹn kọjá mọ́. Nígbà tó fi máa di 1957, ìwé rẹ̀ An Approach to the Book of Mormon ni ìjọ fi ṣe ìwé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọkùnrin tó ní oyè àlùfáà. Àgbẹ̀ àti káfíńtà ń ka ìwé tí àlàyé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kún fún èdè Gíríìkì àti Lárúbáwá. Kò fojú kéré àwọn tó ń kọ́ rárá, ìdí pàtàkì tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin àgbà, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí One Eternal Round, mo sì rì sínú rẹ̀. Ìwé wo ni kí n kọ́kọ́ kà? Kí sì ni àwọn nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìwé yẹn túmọ̀ sí? (Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, Àkúrẹ́)

Ọmọ wa, òpin lo ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé yẹn ló kẹ́yìn nínú ìdìpọ̀ 19 tí wọ́n kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ sí, ọdún 2010 ló jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lehi in the Desert ti 1952 ni kí o kọ́kọ́ kà, kò gùn, ó sì rọrùn. Kó o tó bọ́ sí An Approach, ka Approaching Zion, àwọn ọ̀rọ̀ tó sọ lórí owó àti ojúkòkòrò, níbi tí ọmọ-ọmọ olówó igi gẹdú ti bá ìfẹ́ ọrọ̀ wí láìbojúwẹ̀yìn. Fi The Message of the Joseph Smith Papyri sílẹ̀ títí o ó fi mọ nǹkan díẹ̀ nípa ìwé òkú àwọn ará Íjíbítì.

Ka orí kan lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kínní, má wo ìsàlẹ̀ ìwé rárá, kàn mọ ohun tó ń sọ. Lẹ́ẹ̀kejì, yan àlàyé ìsàlẹ̀ mẹ́ta péré kí o sì tọpa wọn. Tí o bá rí «Herodotus II, 53», ìwé kejì, orí 53 nínú ìtàn tí Herodotus ará Gíríìkì kọ ni, kì í ṣe ojú-ìwé, nítorí náà ẹ̀dà yòówù tó bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ yóò gbé ọ débẹ̀. Tí o bá rí PG tàbí PL, àkójọ ìwé àwọn Bàbá Ìjọ tí Migne tẹ̀ ni: PG fún ti Gíríìkì, PL fún ti Látìnì. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìdìpọ̀, èyí tó tẹ̀ lé e ni òpó. Ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ pín sí òpó méjì tí wọ́n kọ nọ́ńbà lé lórí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á wá ojú-ìwé 800, wọn ò ní rí nǹkan kan, wọ́n á ní Nibley purọ́. Àwọn ìdìpọ̀ Migne wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo. Lóru tí nẹ́tíwọ́kì bá dára ni kí o wà wọ́n sórí fóònù.

Tí o bá rí ojú-ìwé tí kò bára mu, wo méjì ṣáájú àti méjì lẹ́yìn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí FARMS, àjọ àwọn ọ̀mọ̀wé Mọ́mọ́nì, ń tún iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ láti 1986 lọ, ńṣe ni wọ́n ń yẹ àwọn àlàyé ìsàlẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, lo ẹ̀dà tí wọ́n tún tẹ̀, má lo ti àtijọ́.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, Ìjàpọ̀ ni mò ń gbé. Mo kà pé Nibley fi ọdún ìbílẹ̀ àwọn ayé àtijọ́ wé ọ̀rọ̀ Ọba Bẹ́njámínì. Ṣé mo lè fi ọ̀nà yẹn wo Ìgógó wa? (Olùtajà ìwé, Àkúrẹ́)

Ẹ lè ṣe é, inú wa sì dùn pé ẹ béèrè, nítorí níbí gan-an ni Nibley ti dùn jù, níbí náà ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Eré ìdárayá àwọn ará Róòmù ló fi gboyè ní 1938, ó ní àjọ̀dún ọdún tuntun àtijọ́ ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tó wá ka Mòsíà orí 2 sí 6 nínú Ìwé ti Mọ́mọ́nì, níbi tí Ọba Bẹ́njámínì ti bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó rí i pé àwọn ènìyàn kó jọ sí tẹ́ńpìlì, wọ́n mú àkọ́bí ẹran wá (2:3), wọ́n pàgọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tẹ́ńpìlì (2:6), ọba gun ilé ìṣọ́ sọ̀rọ̀ (2:7), wọ́n wólẹ̀ (4:1), wọ́n dá májẹ̀mú (5:5), wọ́n gba orúkọ tuntun (5:8), wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ (6:1), wọ́n sì fi ọmọ ọba jẹ (6:3). Kì í ṣe ẹyọ kan nínú wọn ló gbé ẹ̀rí lé. Àpapọ̀ wọn, tí wọ́n tò léra, ló ní ká wò.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, Ìgógó ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ tán, kí ẹ má tíì ṣí ìwé òyìnbó kankan. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe tò: ọjọ́ 17 tó fi ń lọ, Ọlọ́wọ̀ tó dirun tó sì wọṣọ bí obìnrin, ìlù tí wọn kì í lù, agogo tí wọ́n ń lù dípò rẹ̀, ìrántí ayaba Ọ̀rọ̀nsẹ̀n. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ka ti Róòmù, ti Róòmù ni yóò máa rí ní Ọ̀wọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa igi lé gbogbo ohun tó wọ́pọ̀ kárí ayé. Kíkó jọ, jíjẹ àti mímu, wíwọ aṣọ tuntun, ìlú wo ni kì í ṣe é? Wọn kò jẹ́rìí ohunkóhun. Pípa ìlù mọ́ kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ dá a sí. Ẹ wá béèrè ìgbà àti ọ̀nà: ìgbà wo ni èyí wà, ìgbà wo ni tọ̀hún wà, ta ló gbé e láti ibẹ̀ débí? Tí ẹ kò bá rí ọ̀nà, ìjọra ló wà lọ́wọ́ yín, ìbátan kọ́. Ẹ sì kọ ohun tí kò bára mu sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọba tó wọṣọ obìnrin kò sí níbì kankan nínú Mòsíà. Ìwé tí gbogbo nǹkan bá bára mu nínú rẹ̀, ẹnì kan ti yọ nǹkan kúrò níbẹ̀.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìjọ Nibley fúnra wọn sọ èyí sí i. Ní 1988, Kent P. Jackson, tí òun náà ń kọ́ni ní Brigham Young University, kọ ọ́ pé Nibley máa ń kó ẹ̀rí láti oríṣiríṣi ìlú àti ìgbà pọ̀ bí ẹni pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Òótọ́ ni. Àwa Yorùbá náà mọ̀ ọ́n: ní 1948, J. Olumide Lucas tẹ The Religion of the Yorubas, ó fi orúkọ òrìṣà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá wé ti Íjíbítì àtijọ́. Ìwé náà kún fún ìmọ̀ nípa ẹ̀sìn ilẹ̀ wa, àmọ́ àfiwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dúró. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ará Íjíbítì kì í kọ fáwẹ̀lì. Ẹ yọ fáwẹ̀lì àti àmì ohùn kúrò lára ọkọ̀, ìkà, eku àti òkú, k kan ṣoṣo ló kù. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ni kò ní bá mu? Ìdí kan náà ló fi yẹ kí ẹ ṣọ́ra nígbà tí Nibley bá fi Kórihọ̀, ẹnì kan nínú Ìwé ti Mọ́mọ́nì, wé Herihor, àlùfáà àgbà kan ní Íjíbítì àtijọ́.

Mo gbọ́ pé káàdì ni Nibley fi ń kọ ohun tó bá kà. Báwo ni èmi náà ṣe lè ṣe é? (Òṣìṣẹ́ ìjọba, Alágbàká)

Bẹ́ẹ̀ ni, káàdì pélébé pélébé ló ń kó jọ. Ẹ ra pépà A4 tó nípọn, ẹ ká a sí méjì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gé e: mẹ́rin ni yóò fún yín, ìwé 30 yóò sì di káàdì 120. Ohun kan ṣoṣo lórí káàdì kan. Ẹ kọ orúkọ ìwé, ọdún àti ojú-ìwé sí òkè *kí ẹ tó* kọ ọ̀rọ̀ náà, torí lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ tán ni ẹ ó gbàgbé. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, bírò dúdú. Èrò tiyín, bírò pupa. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni pé lẹ́yìn ọdún kan, èèyàn kì í mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́, á wá tẹ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bí ẹni pé òun ló sọ ọ́. Ẹ tò wọ́n sínú páálí bàtà, kí ẹ sì tọ́jú páálí náà síbi tí òjò àti ikán kò ti lè dé.

Ṣé òótọ́ ni pé pápírọ́ọ̀sì Joseph Smith tú Nibley fó? (Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, Òkè-Àró, Àkúrẹ́)

Joseph Smith, ẹni tó dá ìjọ náà sílẹ̀, sọ pé láti inú pápírọ́ọ̀sì Íjíbítì ni òun ti túmọ̀ Ìwé Ábúráhámù, ọ̀kan lára ìwé mímọ́ wọn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá 1967, ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York dá ègé pápírọ́ọ̀sì 11 padà fún ìjọ náà. Àwọn onímọ̀ èdè Íjíbítì kà wọ́n, wọ́n ní ìwé ìsìnkú ni, kò sí orúkọ Ábúráhámù níbẹ̀. Nibley ti ń kọ́ èdè náà lọ́dọ̀ Klaus Baer, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Íjíbítì, ní Chicago. Kò sá. Ní 1975 ó tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ jáde. Ohun tó wá jà fún ni pé ààtò inú rẹ̀ jọ ti tẹ́ńpìlì. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò gbà. Ní 2014 ìjọ náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síta pé àwọn ègé tó kù kò mẹ́nu kan Ábúráhámù. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá bi yín.

A fẹ́ ṣe ìrọ̀lẹ́ ìrántí Nibley fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta. Kí ni kí a ṣe? (Olùkọ́ Sẹ́mínárì, kíláàsì ìwé mímọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ náà, Yábà, ìlú Ondó)

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀pù, kí ẹ má sì gbé e sí ìpàdé oúnjẹ Olúwa. Wákàtí kan tó. Ìṣẹ́jú 10 fún ìtàn ayé rẹ̀, kó má lé. Ẹ lo 30 lórí Mòsíà 2 sí 6: ẹ pín àwọn ọ̀dọ́ sí mẹ́ta, kí wọ́n fúnra wọn wá àwọn ohun tí a kà sílẹ̀ lókè kí ẹ tó sọ ohun tí Nibley rí. Ẹ fi 15 ka ọ̀rọ̀ kan tó sọ ní gbangba. Ní 1960, nígbà tí wọ́n ní kó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ níbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde yunifásítì rẹ̀, ó sọ fún Ọlọ́run níwájú gbogbo èèyàn pé aṣọ dúdú oyè àlùfáà èké ni àwọn wọ̀ wá. Ní 1983, níbi irú ayẹyẹ kan náà, ó tún sọ̀rọ̀ lórí bí olórí ṣe ń di máníjà lásán. Àwọn ọ̀dọ́ Ondó yóò ní ohun púpọ̀ láti sọ sí èyí. Ìṣẹ́jú 5 tó kù, fún ìbéèrè.

Ohun tó máa ń ba irú ìrọ̀lẹ́ yìí jẹ́ ni ìtàn àpárá nípa bó ṣe máa ń gbàgbé nǹkan, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí i lẹ́nu lórí WhatsApp. Tí kò bá sí orúkọ ìwé àti ojú-ìwé nídìí ọ̀rọ̀ kan, ẹ má kà á. Ìwé ti Mọ́mọ́nì lédè Yorùbá wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú áàpù Gospel Library. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti gbà á sórí fóònù láti ọjọ́ tó ṣáájú, torí tí iná bá lọ tí nẹ́tíwọ́kì sì kú, ìwé tó ti wà lórí fóònù nìkan ni ẹ ó rí kà.