Oòrùn ló ń fọ́ páìpù yín, omi rẹ̀ ò dì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Jos là ń gbé. Látìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ẹ̀ẹ̀mejì ni páìpù tó ti orí táǹkì sọ̀ kalẹ̀ ti là, ní kùtùkùtù. Púlọ́ńbà ní omi inú rẹ̀ ló ń di yìnyín, pé ká fi fóòmù wé e, ká da iyọ̀ sínú táǹkì, ká sì jẹ́ kí ẹ̀rọ kan máa kán tótó mọ́jú. Irú fóòmù wo ló dára jù?

Ìdáhùn: Ẹ fi owó fóòmù sápò ná. Kí omi tó di yìnyín, òtútù gbọ́dọ̀ já sí òdo lórí ìwọ̀n Celsius, kó sì pẹ́ níbẹ̀. Ọyẹ́ Jos mú lóòótọ́, àárọ̀ mìíràn a máa wà ní nǹkan bí 10, ṣùgbọ́n 10 kì í ṣe òdo. Ẹ gbé abọ́ omi kan síta mọ́jú. Bí ti inú abọ́ ò bá dì, ti inú páìpù ò lè dì.

Òótọ́ ni ti fóòmù àti ti ẹ̀rọ tó ń kán yẹn fún ará Kánádà. Níbẹ̀, omi tó di yìnyín a fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, a há omi tó kù mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, páìpù a sì bẹ́. Ní Jos, bí ẹ̀rọ bá ń kán mọ́jú, omi tí ẹ rà lọ́wọ́ mai ruwa lẹ ń dà nù. Iyọ̀ yẹn ló bí mi nínú jù: ẹ ò ní lè mu omi náà mọ́, yóò sì jẹ gbogbo irin tó bá kàn. Bí ẹ bá ti dà á, ẹ gbọn táǹkì náà gbẹ, kí ẹ fọ̀ ọ́.

Kí ló wá ń là á ní kùtù? PVC, ìyẹn páìpù oníke yẹn, máa ń gùn nínú ooru, ó sì máa ń súnkì nínú òtútù. Bí oòrùn ọ̀sán bá fi ìwọ̀n 30 ju òtútù ìdájí lọ lára rẹ̀, mítà 10 rẹ̀ lè súnkì ní sẹ̀ǹtímítà 2. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dì í mú lókè, wọ́n dì í mú nísàlẹ̀. Ibo ló fẹ́ sún sí? Yóò fa ara rẹ̀ yọ lójú gọ́ọ̀mù ni, tàbí kó là lẹ́bàá ẹ́líbò, ìyẹn ibi tí páìpù ti ṣẹ́ kọ́nà. Ìdájí ló sì tutù jù, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yìnyín.

Oòrùn yìí kan náà ń jẹ ara páìpù náà lọ́dọọdún. Ẹ fọwọ́ pa á. Bí ìyẹ̀fun bí ẹfun bá kù sí yín lọ́wọ́, tó sì ń fọ́ bí èèpo ẹyin tí wọ́n bá gé e, ó ti gbó nìyẹn, kò sí gọ́ọ̀mù tó lè ràn án. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Èyí tí ẹ bá fi dípò, ẹ ri i mọ́lẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45 níbi tó bá gba ilẹ̀. Èyí tó bá wà lára ògiri, kí kílíìpù kàn gbé e ró láì fún un mọ́ra, kí wọ́n sì fi ẹ́líbò mẹ́rin tẹ̀ ẹ́ bí lẹ́tà U lójú kan kó lè ráyè sún. Níbi tó ti gba inú ògiri kọjá, páìpù tó tóbi jù ú lọ ni kó gba inú rẹ̀. Ẹ wá fi ọ̀dà funfun olómi kùn ún. Ẹ má fi ọ̀dà olóròóró tí wọ́n ń fi tínà pò, tínà lè ba ara PVC jẹ́.

Ọyẹ́ ń bá gọ́ọ̀mù náà jà. Eruku a bà lé e, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó ti páìpù bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ike tí wọ́n fi ń so páìpù pọ̀. Ẹ fi sáńpépà ha ẹnu páìpù, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ara páìpù àti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ti páìpù bọ inú rẹ̀ kíá, ẹ yí i díẹ̀, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ má ṣí omi sí i títí di ọjọ́ kejì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná yan PVC kó lè tẹ̀. Èéfín rẹ̀ léwu.

Mi ò rí ilé yín o. Bí páìpù tuntun bá tún là, kí ẹlòmíràn wo bí ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe ń tì í, kó pa iná rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.