Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá owó oúnjẹ aṣaralóore tó wà nínú ìsúnná Nàìjíríà jáde lóòótọ́?

Ẹ má kàn béèrè pé "eélòó ni ìjọba ná?" Ìbéèrè yẹn fẹ̀ jù. Owó ọ̀hún fọ́nká sí ilé-iṣẹ́ ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ètò ẹ̀kọ́. Ẹ ṣí ìwé ìsúnná, ẹ mú ìlà kan ṣoṣo, ẹ da orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ kọ, kí ẹ wá béèrè iye mẹ́ta: èyí tí wọ́n buwọ́ lù, èyí tí wọ́n tú sílẹ̀, èyí tí wọ́n ná. Láàárín méjì àkọ́kọ́ lowó ti sábà máa ń há.

Ẹ kọ ìbéèrè yìí ní lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tó ni ìlà náà, lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 (FOI), èyí tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Láàárín ọjọ́ 7 ló yẹ kí wọ́n dáhùn. Wọ́n lè fi 7 mìíràn kún un. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ sílé ẹjọ́. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà, tòun ti déètì, mọ́ ẹ̀dà tiyín, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan.

Ẹ wo ìlà ìwádìí dáadáa, torí ó rọrùn láti gé: kò hàn sójú bí ọsibítù. Ìwádìí gbogbogbòò lórí ohun tí ará Nàìjíríà ń jẹ wáyé ní 2001 sí 2003. Òmíràn irú rẹ̀ di 2021. Nọ́ńbà àtijọ́ ni wọ́n fi ń ṣètò fún gbogbo ọdún àárín yẹn.

Kí wọ́n tó buwọ́ lu ìsúnná ni kí ẹ bá ìgbìmọ̀ ìlera nílé aṣòfin sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi àfikún ìsúnná.