Bátìrì Tuntun, Kámẹ́rà Ní Ó Ti Tán

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n wa. Bátìrì AA mẹ́rin ni kámẹ́rà mi ń lò. Tí mo bá ki alkaline tuntun (irú tí a ń lò tán, tí a ń jù nù) bọ̀ ọ́, kì í pẹ́ rárá tí yóò fi ní bátìrì ti tán. Ṣùgbọ́n tí mo bá kó wọn sínú rímóòtù tàbí aago ògiri, wọ́n á máa ṣiṣẹ́ lọ. Ṣé kámẹ́rà ló bàjẹ́ ni, àbí ayédèrú ni wọ́n ń tà fún mi?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ó jọ pé kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà rẹ, kò sì di dandan kí bátìrì náà jẹ́ ayédèrú. Iná ṣì wà nínú rẹ̀. Kò kàn lè tètè tú u jáde bí kámẹ́rà ṣe ń fẹ́ ẹ ni. Aago ògiri ń tọ́ iná lá, kámẹ́rà ń gbé e mì. Wo fíláàṣì lẹ́yìn tó bá ti bù yẹ̀rì: iná kékeré á máa ṣẹ́jú, kámẹ́rà ò ní gbà kí o tún ya òmíràn. Ìgbà yẹn ló ń fa iná padà sínú fíláàṣì, ó sì lè fà tó ampere kan (ìwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóòtì alkaline, ìyẹn agbára tó ń ti iná jáde, á já wálẹ̀ lójijì, kámẹ́rà á sì gbà pé ó ti tán.

NiMH ni kí o rà, èyí tí a ń gba iná sí. Má jẹ́ kí 1.2 fóòtì tí wọ́n kọ sí i lára, dípò 1.5, bà ọ́ lẹ́rù rárá. Ìtòsí 1.2 yẹn ló máa dúró sí títí tí yóò fi kù díẹ̀ kó tán, bí o tilẹ̀ ń tan fíláàṣì léraléra. Kí o sì wá èyí tí iná rẹ̀ kì í tètè jò, irú Eneloop tí Sanyo gbé jáde ní 2005, tó ti di ti Panasonic báyìí. Àwọn NiMH àtijọ́, o lè gba iná sí wọn tán, kí o fi wọ́n sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí púpọ̀ nínú iná náà sì ti lọ.

Má sáré tẹ̀lé nọ́ńbà ńlá o. 2000 mAh (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) tó ọ. Ilé iṣẹ́ tó ṣe Eneloop fúnra rẹ̀ sọ pé nǹkan bí ìgbà 500 la lè gba iná sí oní-2500, nígbà tí oní-2000 lè gbà á ju ìgbà 2000 lọ. Ṣájà tó ń yẹ bátìrì kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ ni mo fọwọ́ sí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí o máa lò pọ̀, má ṣe da tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó.

Bátìrì lithium 1.5 fóòtì tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan dára gan-an, ó fúyẹ́, ó sì ń pẹ́ nípamọ́. Àmọ́ a kì í gba iná sí i, ó sì wọ́n. Fi í pamọ́ sínú àpò fún ọjọ́ tí NiMH bá tán lójú iṣẹ́. Ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ 14500 sí lára: ó ga, ó sì fẹ̀ bí AA, ṣùgbọ́n 3.7 fóòtì ni, ó lè jó kámẹ́rà náà.

Tí o bá ti ki NiMH bọ̀ ọ́, wọ inú ètò kámẹ́rà lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ní ibi tí a ti ń yan irú bátìrì. Tó bá ṣì wà lórí alkaline, ó lè máa pariwo pé iná ti tán nígbà tí kò tí ì tán.